Orí Kẹfà: Ẹnubodè Sẹ́ẹ̀lì Ìmọ̀lára àti Ẹ̀fọ́rí Túúlu

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

- sọ bí ẹ̀fọ́rí túúlu ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́rí ojoojúmọ́;
- ṣàlàyé bí ẹnubodè áyọ́ọ̀nù ṣe ń ṣí, tó sì ń tì, lára sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára;
- ṣàpèjúwe ìgbì ìdákẹ́ tó ń rìn lórí èèpo ọpọlọ;
- dárúkọ jíìnì mẹ́ta tó ń fa túúlu arọni-lápá-kan, kó sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan;
- so oògùn túúlu mọ́ ẹnubodè tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

6.1 Irú ẹ̀fọ́rí wo ni túúlu?

Aránṣọ kan jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ti pòórá mọ́ ọn lójú. Ó ń rí ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń rí aṣọ tó wà lórí tábìlì, àmọ́ ibi kan láàárín ohun tó ń wò ti di òfìfo. Nígbà tó yá, ìlà kan tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, tó ń dán yanranyanran, yọ létí òfìfo náà, ó sì ń gbòòrò lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí gbogbo rẹ̀ fi kúrò. Aránṣọ yìí mí kanlẹ̀, ó rò pé ó ti tán. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, bí ìgbà tí èèyàn ń gún iyán nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń gún un lójú, òórùn ata tí wọ́n ń dín nílé kejì ń mú kí èébì gbé e. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ó dùbúlẹ̀. Àwọn oníbàárà tó bá wá gba aṣọ lọ́jọ́ kejì yóò ní ọ̀lẹ ni.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀fọ́rí túúlu ló mú un. Túúlu yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́rí tí oòrùn tàbí àìsùn ń fà. Bí aláìsàn kò bá lo oògùn, ó lè gba wákàtí 4 sí 72. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló sábà máa ń mú, ó máa ń lù bí ọkàn ṣe ń lù, bí ẹni náà bá sì gun àtẹ̀gùn, ṣe ni yóò le sí i. Èébì a máa gbé e, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo a sì máa ni ín lára. Àwọn tó ní i káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù kan, àwọn obìnrin inú wọn sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta àwọn ọkùnrin. Bí a bá kó àwọn tí túúlu ń ṣe jọ, ẹnì kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń rí irú ìlà tí aránṣọ wa rí. Àmì ìṣáájú ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 5 sí 60, ẹ̀fọ́rí fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e.

Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé túúlu ní ìdí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Lára sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ni ìdí náà wà, níbi àwọn ẹnubodè tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Kò sí ẹnubodè kan tó dá túúlu fà. Bí wọ́n ṣe ń ṣí tí wọ́n sì ń tì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

6.2 Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára dà bí ìlú olódi

Ẹ jẹ́ kí a fi sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára wé ìlú olódi láyé àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé tàbí jáde, ẹnubodè ló gbọ́dọ̀ gbà, oníbodè ló sì ń pinnu ẹni tí yóò kọjá. Ọ̀rá ni odi sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde ni áyọ́ọ̀nù, ìyẹn hóró èròjà tó gbé agbára iná dání. Bí a bá bu iyọ̀ ọbẹ̀ sínú omi, áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù àti ti kíláráìdì ni yóò pín sí. Áyọ́ọ̀nù kò lè la ọ̀rá kọjá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri sẹ́ẹ̀lì là ni à ń pè ní ẹnubodè áyọ́ọ̀nù.

Pírótéènì ni ẹnubodè kọ̀ọ̀kan. Ó ní ihò láàárín, ó sì ní ìlẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba ẹlòmíràn yàtọ̀ sí áyọ́ọ̀nù tiwọn: ti sódíọ̀mù wà, ti pọtásíọ̀mù wà, ti kálísíọ̀mù náà wà. Ohun tó ń ṣí wọn kò dọ́gba. Ìyípadà iná ara odi ló ń ṣí àwọn kan, kẹ́míkà tó wá láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń ṣí àwọn kan, ooru tàbí òtútù ló sì ń ṣí àwọn mìíràn. Àwọn kan tún wà tó máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá ṣí, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá áyọ́ọ̀nù lè gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Báwo ni a ṣe mọ èyí? Ní 1952, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, tẹ ìṣirò wọn jáde lórí iṣan ìmọ̀lára ẹranko òkun kan tí à ń pè ní squid. Iṣan náà nípọn débi pé wọ́n lè ti wáyà bọ inú rẹ̀ láti wọn iná. Ní 1976, Erwin Neher àti Bert Sakmann ní Jámánì fi ẹnu ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín lẹ ara odi sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì wọn iná tó ń gba ẹnubodè kan ṣoṣo kọjá. Lórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n rí i bí ẹnubodè ṣe ń ṣí pàá, tó sì ń tì pàá. Hodgkin àti Huxley gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963, Neher àti Sakmann gba tiwọn ní 1991.

Àwọn áyọ́ọ̀nù kò pọ̀ dọ́gba nínú ìlú àti lẹ́yìn odi. Bí a bá fi mílímóólù nínú lítà omi kan ṣe òṣùwọ̀n, báyìí ni wọ́n ṣe rí:

- Sódíọ̀mù: nǹkan bíi 145 lẹ́yìn odi, nǹkan bíi 12 nínú.
- Pọtásíọ̀mù: nǹkan bíi 4 lẹ́yìn odi, nǹkan bíi 140 nínú.
- Kálísíọ̀mù: èyí tó wà lẹ́yìn odi tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èyí tó wà nínú.

Ta ló tò wọ́n báyìí? Ẹ̀rọ kan ni, pọ́ǹpù sódíọ̀mù-pọtásíọ̀mù. Bó ṣe ń ti sódíọ̀mù 3 jáde ló ń fa pọtásíọ̀mù 2 wọlé, kì í sinmi tọ̀sán tòru. Ọpọlọ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò. Púpọ̀ nínú agbára náà ni pọ́ǹpù yìí ń jẹ.

Pọtásíọ̀mù díẹ̀ máa ń jò jáde gba ẹnubodè tó ṣí sílẹ̀, ó sì ń gbé àmì + lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú sẹ́ẹ̀lì fi wà ní nǹkan bíi −70 mílífóltì nígbà tó bá ń sinmi. Bí ohun kan bá ta sẹ́ẹ̀lì náà jí, tí iná yìí gòkè dé nǹkan bíi −55, ẹnubodè sódíọ̀mù á ṣí gbàgà, sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, iná inú sẹ́ẹ̀lì á fò sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnubodè pọtásíọ̀mù á ṣí, pọtásíọ̀mù á jáde, sẹ́ẹ̀lì á padà sípò ìsinmi. Ìkọmọ̀nà ni a ó máa pe èyí, nítorí bí mọ̀nàmọ́ná ṣe ń kọ lójú ọ̀run ló rí: ó yára, ó sì ń rìn. Bí ìkọmọ̀nà bá dé ìparí iṣan, ẹnubodè kálísíọ̀mù á ṣí níbẹ̀. Kálísíọ̀mù tó wọlé yìí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tú kẹ́míkà ìránṣẹ́, irú bíi gílútáméètì, sí sẹ́ẹ̀lì tó múlé gbè é.

Ẹ di èyí mú dáadáa. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí ẹnubodè sódíọ̀mù tàbí ti kálísíọ̀mù tètè ṣí, tàbí kó pẹ́ kó tó tì, yóò jẹ́ kí ọpọlọ tètè gbaná.

6.3 Ìgbì ìdákẹ́

Karl Lashley, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ní túúlu fúnra rẹ̀. Bí àmì ìṣáájú bá dé, á mú bébà, á ya ìlà tó ń rí, á sì kọ àsìkò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún un yà. Ó mọ ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ohun tí ojú ń rí jókòó sí lórí èèpo ọpọlọ, lápá ẹ̀yìn orí. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1941 pé ohun yòówù tó ń da ojú òun láàmú ń rìn lórí ọpọlọ ní nǹkan bíi mílímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan.

Ní 1944, ọ̀dọ́ onímọ̀ ará Brazil kan, Aristides Leão, ń ṣe ìwádìí wárápá ní Yunifásítì Harvard. Ó fi iná díẹ̀ ta ọpọlọ ehoro jí, ó ń retí pé kó gbaná bíi ti wárápá. Òdìkejì ló rí. Ibi tí iná kàn dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bí òróró ṣe ń tàn lórí bébà. Ìyára rẹ̀ kò ju mílímítà díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní 1958, Peter Milner tọ́ka sí i pé ìṣirò Lashley àti ohun tí Leão rí bára mu. Ní 2001, Nouchine Hadjikhani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ wo àwọn tó ní túúlu nígbà tí àmì ìṣáájú ń ṣe wọ́n. Wọ́n rí i tí nǹkan náà ń rìn lórí èèpo ọpọlọ èèyàn, mílímítà 3 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Báyìí ni ìgbì náà ṣe ń rìn. Sẹ́ẹ̀lì mélòó kan kọ mọ̀nà léraléra, pọtásíọ̀mù tí wọ́n tú jáde sì pọ̀ ju èyí tí pọ́ǹpù lè kó padà. Èyí tó yẹ kó jẹ́ 4 lẹ́yìn odi gòkè kọjá 30. Pọtásíọ̀mù yìí ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí jí: ẹnubodè wọn ṣí gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà, sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ya wọlé, omi tẹ̀ lé wọn, sẹ́ẹ̀lì wú. Gílútáméètì dà síta, ó sì lọ ṣí ẹnubodè sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Lẹ́yìn èyí, sẹ́ẹ̀lì kò lè kọ mọ̀nà mọ́, nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ẹ̀yìn odi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ibẹ̀ á dákẹ́ títí pọ́ǹpù yóò fi tún ilé tò.

Ẹ padà sọ́dọ̀ aránṣọ wa. Ìlà eyín ayùn tó ń dán lójú rẹ̀ ni etí ìgbì, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gbaná. Òfìfo tí ìlà náà yọ létí rẹ̀ ni ìdákẹ́. Ìlà náà kò sí níta rárá, lórí ọpọlọ ara rẹ̀ ló ti ń rìn.

6.4 Ohun tí àwọn ìdílé kan kọ́ wa

Irú túúlu kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tó ń ti ọ̀dọ̀ òbí bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ. Nígbà àmì ìṣáájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ara máa ń kú tipiri, bí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, lẹ́yìn náà á padà bọ̀ sípò. A ó máa pè é ní túúlu arọni-lápá-kan. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí àṣìkọ, ìyẹn àṣìṣe nínú ohun tí jíìnì kọ, lára jíìnì mẹ́ta.

*CACNA1A.* Ní 1996, àwọn olùwádìí láti Leiden ní ilẹ̀ Netherlands rí àṣìkọ nínú jíìnì yìí, lórí kurómósómù 19. Òun ló ń kọ́ ẹnubodè kálísíọ̀mù tó wà níparí iṣan. Bí jíìnì náà bá ní àṣìkọ yìí, iná kékeré tí kò yẹ kó ṣí ẹnubodè yóò ṣí i, gílútáméètì á sì pọ̀ jù. Ní 2004, wọ́n fi àṣìkọ kan náà sínú eku. Ìgbì ìdákẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ lára àwọn eku wọ̀nyí, ó sì yára ju ti eku mìíràn lọ.

*ATP1A2.* Ní 2003, wọ́n rí ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ìdílé méjì ní Ítálì. Pọ́ǹpù ni èyí kì í ṣe ẹnubodè, ara sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀, tó ń tọ́jú àyíká sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára, ló sì pọ̀ sí. Bí pọ́ǹpù yìí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, pọtásíọ̀mù àti gílútáméètì á pẹ́ nílẹ̀ kí a tó kó wọn kúrò.

*SCN1A.* Ní 2005, wọ́n rí ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú àwọn ìdílé kan ní Jámánì. Ẹnubodè sódíọ̀mù ni. Ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pàrọwà fún àwọn yòókù ló pọ̀ sí. Jíìnì yìí kan náà, bí ẹnubodè rẹ̀ bá bàjẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, wárápá líle ọmọdé tí à ń pè ní àìsàn Dravet ló ń fà.

Ẹ kíyè sí i: ẹnubodè kálísíọ̀mù kan, pọ́ǹpù kan, ẹnubodè sódíọ̀mù kan. Iṣẹ́ wọn kò jọra, ara sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, síbẹ̀ ibì kan náà ni àṣìkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já sí: ìgbì ìdákẹ́ túbọ̀ rọrùn láti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti túúlu tó wọ́pọ̀, kì í ṣe àṣìkọ kan ló ń fà á. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022, tó wo àwọn tó ní túúlu tó lé ní 100,000, rí ibi 123 lórí àwọn jíìnì èèyàn tó ń dá kún ewu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Họ́mọ́ọ̀nù ara náà ń kó ipa tirẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀ kó dé, tí ẹ́sítírójìn, ọ̀kan nínú họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, ń lọ sílẹ̀, túúlu máa ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin. Lára eku tó ní àṣìkọ CACNA1A, abo ni ìgbì tètè ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ju akọ lọ.

6.5 Láti orí ìgbì dé orí ìrora

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í ní ìrora. Awọ tó bò ó àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ara awọ náà ló ń ro ni. Iṣan ojú ẹlẹ́ka mẹ́ta ló ń gbé ìròyìn ìrora wọn lọ sí ọpọlọ. Bí ìgbì ìdákẹ́ bá kọjá, pọtásíọ̀mù, èròjà kíkan àti àwọn kẹ́míkà mìíràn á jò dé ọ̀dọ̀ iṣan yìí. Iṣan náà á wá tú èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CGRP sí ara awọ. CGRP á fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, á sì mú kí ọ̀nà ìrora máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Bí a bá fa CGRP sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní túúlu, túúlu lè mú un. Ní 2021, Lars Edvinsson, Peter Goadsby, Michael Moskowitz àti Jes Olesen gba ẹ̀bùn Brain Prize fún iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lórí iṣan ojú yìí ni àwọn ẹnubodè kan wà tí gbogbo ilé ìdáná mọ̀ láìmọ orúkọ wọn. Ẹni tó gé ata rodo, tó gbàgbé fọ ọwọ́, tó wá fi ọwọ́ náà nu ojú, ti ṣí ẹnubodè TRPV1. Ooru tó bá kọjá nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 43 ló ń ṣí i, èròjà ata náà sì ń ṣí i; ìdí nìyẹn tí ata fi máa ń ta ni bí iná láìsí iná níbẹ̀. David Julius ló ṣe àwárí rẹ̀ ní 1997, ó sì pín ẹ̀bùn Nobel 2021 pẹ̀lú Ardem Patapoutian. Ẹnubodè tó jọ ọ́, TRPM8, òtútù àti menthol ló ń ṣí i. Ibẹ̀ ni ìpara tí a fi ń pa iwájú orí, tó ń tutù lára, ti ń ṣiṣẹ́. Jíìnì TRPM8 sì wà lára àwọn tí ìwádìí jíìnì so mọ́ túúlu.

Ẹnubodè pọtásíọ̀mù náà kò gbẹ́yìn. TRESK, tó wà lára iṣan ojú, ni ẹnubodè ìtùnú: pọtásíọ̀mù tó ń gba inú rẹ̀ jáde ló ń mú sẹ́ẹ̀lì balẹ̀. Ní 2010, wọ́n rí ìdílé kan tí àṣìkọ ti sọ tiwọn di aláìwúlò, túúlu alámì-ìṣáájú sì ń ṣe wọ́n. Ẹlòmíràn, KATP, wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Denmark fún ènìyàn 16 tó ní túúlu ní oògùn levcromakalim, tó ń ṣí ẹnubodè yìí. Túúlu mú àwọn mẹ́rìndínlógún pátá. Ìṣísílẹ̀ ẹnubodè pọtásíọ̀mù kan ń tu ara, ti òmíràn ń dá ìrora sílẹ̀. Kò tó kí a mọ irú áyọ́ọ̀nù tó ń kọjá. Ó yẹ kí a mọ ara sẹ́ẹ̀lì tí ẹnubodè náà wà.

6.6 Oògùn àti ẹnubodè

Oríṣi oògùn méjì ló wà. Èkíní ń dẹ́kun túúlu kó tó dé, aláìsàn sì ń lò ó déédéé. Topiramate ń dí ẹnubodè sódíọ̀mù àti ti kálísíọ̀mù lọ́wọ́. Flunarizine ń dí ti kálísíọ̀mù lọ́wọ́. Ìwádìí lára eku fi hàn pé bí a bá ń lo topiramate fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbì ìdákẹ́ yóò dínkù. Valproate náà wà, ṣùgbọ́n ó lè ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó fún túúlu. Dókítà ló ń yan èyí tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí erenumab, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí CGRP ráyè ṣiṣẹ́.

Èkejì ń pa túúlu tó ti dé. Sumatriptan, tó jáde ní 1991, ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń dín kálísíọ̀mù tó ń wọ ìparí iṣan ojú kù, kí iṣan náà má bàa tú CGRP púpọ̀ jáde. Parasítámọ́ọ̀lù àti ibuprofen ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n bá tètè lò ó. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora fún ọjọ́ 10 tàbí 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, oògùn náà lè wá di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí fún un.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ kú lójijì, tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀fọ́rí líle bá dédé kọlù bí ààrá, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé máa sọ pé túúlu ni.

Àkótán

Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ń gbé iná nítorí pé áyọ́ọ̀nù kò dọ́gba lẹ́yìn odi rẹ̀ àti nínú rẹ̀, ẹnubodè sì ń darí ìwọlé-jáde wọn. Bí ẹnubodè sódíọ̀mù tàbí ti kálísíọ̀mù bá tètè ṣí jù, tàbí bí pọ́ǹpù bá lọ́ra, ìgbì ìdákẹ́ á rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, àmì ìṣáájú á sì yọ. Iṣan ojú á gba ìròyìn rẹ̀, CGRP á dà síta, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ohun tí a mọ̀ nípa túúlu wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fara balẹ̀ wo ibi tí ọ̀nà yìí gbà, láti orí bébà Lashley títí dé orí jíìnì àwọn ìdílé tó gbà kí a wo ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí inú sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára fi wà ní nǹkan bíi −70 mílífóltì nígbà tó bá ń sinmi?
2. Ìlà àmì ìṣáájú kan rin mílímítà 54 lórí èèpo ọpọlọ. Bí ó bá ń rin mílímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà?
3. Ṣàlàyé bí àṣìkọ CACNA1A àti ti ATP1A2 ṣe yọrí sí ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀.
4. Ẹnubodè pọtásíọ̀mù ni TRESK àti KATP, àwọn méjèèjì. Kí nìdí tí ọ̀kan fi ń tu sẹ́ẹ̀lì lára tí èkejì sì ń fa túúlu?
5. Oníbàárà kan ní ọ̀lẹ ni aránṣọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 6.1. Kọ ìpínrọ̀ kan tí o fi máa ṣàlàyé fún un, ní èdè tí ìyá tàbí bàbá rẹ nílé yóò gbọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí aránṣọ náà láti ìgbà tí ojú abẹ́rẹ́ ti pòórá.